Èépá funfun lẹ́nu ẹ̀rọ omi: ohun kíkan ló ń yọ ọ́, kì í ṣe ipá

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣàgámù ni mò ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí a gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù sínú ọgbà wa. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, kò ní òórùn, àmọ́ gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó wà nílé ló ti hu èépá funfun. Ṣáwà tó ń tú yàà bí òjò nígbà kan, ojú ihò mẹ́ta péré ló ń tú báyìí, ọ̀kan nínú wọn sì ń ta sí ògiri. Púlọ́ńbà ní ká lọ ra tuntun. Aládùúgbò mi ní kí n da omi bátìrì sí i. Ọmọ mi obìnrin ní òun kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ká po fínígà mọ́ bákìn sódà. Èmi fúnra mi ti fi kànrìnkàn onírin ha á títí, ara ẹ̀rọ ló ń họ, èépá ò kúrò. Kí ni kí n ṣe? Ṣé irú omi yìí ò sì ní kó bá kíndìnrín wa? Èmi ni Màmá Ìbejì.”

Ìdáhùn: Màmá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ fi owó ṣáwà tuntun sápò ná. Omi bátìrì yẹn, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín rárá. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Kànrìnkàn onírin, ẹ dá a padà sí ìdí ìkòkò. Ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yín kì í ṣe ìdọ̀tí, òkúta ni. Ẹni tó bá sì ń fi ipá ha òkúta lára irin dídán, dídán yẹn ló máa kọ́kọ́ họ kúrò. Ohun tó bá kan lẹ́nu ni ẹ máa fi bá a jà: fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti àwọn ìbátan wọn. Ẹ ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó sì lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ omi. Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àmọ́ tí wọ́n bá ti pè mí láti ọ̀nà Ewékorò tàbí Ṣàgámù pé “omi ò tú mọ́”, kí n tó gbéra ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ lọ bá. Ilẹ̀ tí ẹ kọ́lé sí ló fà á. Òkúta ẹfun ló tẹ́ sábẹ́ gbogbo agbègbè yẹn, òun náà sì ni wọ́n ń wà tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, kí ti Ṣàgámù tó tẹ̀ lé e, kí Ìbéṣè náà tó wá dara pọ̀. Òkúta ò mọ ẹnubodè: ó wà ní Onígbóló lápá Ìpobẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì bákan náà. Ní tiwa ní Abẹ́òkúta, akọ òkúta bíi ti Olúmọ ló wà nísàlẹ̀. Ìyẹn ò rọrùn fún omi láti jẹ, nítorí náà èépá ibẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó ti yín.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí omi òjò ṣe ń já bọ̀, tó sì ń wọ ilẹ̀ lọ, ó ń gbé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dání, irú èyí tí à ń mí síta lẹ́nu. Ìyẹn a mú kí omi náà kan, àmọ́ kíkan tí ahọ́n kò lè mọ̀ ni. Tí omi kíkan yìí bá wá ń sẹ́ láàárín òkúta ẹfun fún ọjọ́ pípẹ́, òkúta á máa yòrò sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yòrò sínú ọbẹ̀. Ẹ ò ní rí i, ìdí nìyẹn tí omi yín fi mọ́ gaara. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀kán omi kan bá gbẹ sẹ́nu ẹ̀rọ, tàbí tí omi bá gbóná nínú kẹ́tùlù, afẹ́fẹ́ yẹn á fò lọ, òkúta á sì padà di òkúta níbi tó wà. Ẹ̀kán kan lónìí, ẹ̀kán kan lọ́la, títí yóò fi di èépá tó le koko.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n bá yín sọ ọ́. Míligíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń wọn líle omi, ìyẹn bí òkúta tó ti yòrò sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Tí kò bá ju 60 lọ, omi rírọ̀ ni. 61 dé 120, ó le díẹ̀. 121 dé 180, ó le. Ohun tó bá ti kọjá 180, ó le gan-an. Ká ní ti yín jẹ́ 200. Táńkì 1,000 lítà tó wà lórí òpó yín á gbé gíráàmù 200 òkúta, ìyẹn bí ẹ̀kún ife ìmumi kan, nígbàkúùgbà tí ẹ bá pọ́n ọn kún. Èyí tó pọ̀ jù ń bá omi lọ sínú gọ́tà. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù sẹ́nu ẹ̀rọ ló ń dà yín láàmú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi tiyín le lóòótọ́, ẹ wá ìgò ike méjì. Ẹ bu omi bọ́ọ̀hóòlù sí ọ̀kan, ẹ bu omi òjò sí èkejì, ẹ ha ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú wọn lọ́gbọọgba, kí ẹ mì wọ́n. Ti omi òjò á hó kùùkùù. Ti omi líle á kàn dàrú bíi omi ògì, nǹkan funfun á máa léfòó lórí rẹ̀ láìhó. Ọṣẹ gidi ni kí ẹ lò o, torí ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ máa ń hó nínú omi èyíkéyìí, ẹ ò sì ní rí ìyàtọ̀. Nǹkan funfun tó ń léfòó yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́ ara táìlì balùwẹ̀ tó fi máa ń yọ̀.

Ní ti kíndìnrín, ẹ fọkàn balẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fi gbèdéke kankan lé líle omi nítorí ìlera. Kálísíọ́ọ̀mù àti magnísíọ́ọ̀mù ló ń mú omi le, ara wa sì ń lo méjèèjì. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ó ní òkúta nínú kíndìnrín, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè, kó má bi púlọ́ńbà. Ohun tí èmi á tìtorí rẹ̀ gbé omi bọ́ọ̀hóòlù lọ fún àyẹ̀wò ni kòkòrò àìfojúrí, pàápàá tí sọkawéè bá wà nítòsí. Líle kọ́.

Ó yá, iṣẹ́ dé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kan tó máa jẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ wá àfọ́kù ìkarahun ìgbín tàbí èèpo ẹyin, ẹ sọ ọ́ sínú ife, kí ẹ da fínígà lé e lórí. Láìpẹ́, èéfọ́ọ́fọ̀ kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lára rẹ̀ bíi ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìkarahun ìgbín, èèpo ẹyin àti èépá ẹnu ẹ̀rọ yín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí fínígà ṣe ń jẹ ti inú ife yẹn ló ṣe máa jẹ ti ṣáwà. Tí ẹ bá fi èèpo ẹyin náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó bá a ní rírọ̀ jọ́ọ́jọ̀ọ́, tàbí kí ẹ má tilẹ̀ bá nǹkan kan mọ́ ju awọ inú rẹ̀ lọ.

Fínígà funfun lásán ni mo fẹ́ràn jù. Bíbélì Yorùbá pè é ní ọtí kíkan, orúkọ náà sì bá a mu. Ásíìdì inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó mú un kan, jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó túmọ̀ sí pé lítà fínígà kan kò lè jẹ ju nǹkan bí gíráàmù 40 òkúta lọ, bó ti wù kí ẹ fi í sílẹ̀ pẹ́ tó. Tó bá ti hó tán, ó ti yó nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rẹ ṣáwà sínú fínígà kan náà fún ọjọ́ méjì, wọ́n á wá ní fínígà ò ṣiṣẹ́. Wọn ì bá ti dà á nù kí wọ́n bu òmíràn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára, òun ni àwọn ìyá wa ti fi ń fọ idẹ látijọ́. Ọ̀pọ̀ ni ẹ máa fún kó tó kún abọ́ kan, nítorí náà fún ibi kéékèèké ni mo máa ń lò ó. Ẹ la ọsàn sí méjì, ẹ fi ojú rẹ̀ gún ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ ọn. Tí ẹ bá rí sítíríkì ásíìdì oníyẹ̀fun rà níbi tí wọ́n ti ń ta èròjà ohun mímu àti ọṣẹ, agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ọsàn lọ, kì í sì í rùn bíi fínígà. Ṣíbí ìjẹun méjì nínú lítà omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kan tó. Ẹ má sè é o. Tó bá gbóná jù, òun àti òkúta á dì pọ̀ di ẹ̀tù funfun mìíràn, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ omíkan náà ń jẹ èépá. Omi orí ògì tí wọ́n fi ń rẹ àgbo ni mò ń wí. Ìyá àgbà kan ní ọ̀nà Ewékorò ni mo bá tó rẹ ọmọrí kẹ́tùlù rẹ̀ sínú rẹ̀ ní alẹ́. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ìka ló fi ń ha á kúrò. Ó lọ́ra ju fínígà lọ, balùwẹ̀ á sì máa rùn bíi ilé ẹlẹ́kọ, nítorí náà èmi kì í lò ó fún oníbàárà. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó fínígà lè fi ṣe é. Ní ti àwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú tí wọ́n ń sọ, ásíìdì wà nínú wọn lóòótọ́, ṣúgà tó wà níbẹ̀ ni yóò kó èèrà bá yín.

Wàyí o, ṣáwà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà tó ṣeé tú, ẹ fi aṣọ wé ọrùn rẹ̀ kí sípánà má bàa ha á, kí ẹ tú u, kí ẹ rì í sínú fínígà nínú abọ́ ike. Ike ni mo wí, ẹ má lo abọ́ alumíníọ́ọ̀mù, ohun kíkan ń jẹ ẹ́. Tí kò bá ṣeé tú, tàbí tí ẹ̀rù ń bà yín pé ọrùn á ṣẹ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti tó. Ẹ gé orí ọ̀rá náà, ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ da fínígà lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i dé ìdajì. Ẹ gbé e sókè títí gbogbo ojú ihò ṣáwà yóò fi rì sínú fínígà, kí ẹ fi rọ́bà méjì dè é mọ́ ọrùn rẹ̀. Ẹ lò méjì, torí fínígà wúwo, rọ́bà kan á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rá á fi já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ó ti já lù mí rí. Fún ṣáwà fífẹ̀ tó dà bí àwo, ọ̀rá búrẹ́dì ni ẹ máa lò.

Tí ẹ bá gbé etí sún mọ́ ọn, ẹ ó gbọ́ tó ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tú u wò. Bí irin rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń dán bíi dígí, ẹ má fi sílẹ̀ ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ bu fínígà tuntun, kí ẹ tún dè é. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí dára ju kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú lọ. Tó bá jẹ́ ike pátápátá, ó lè sùn nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà tàbí dúdú ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún jù: ẹ fi omi lú fínígà lọ́gbọọgba, kí ẹ má sì jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀dà rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tó kàn án, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ sì ni. Bí ojú ihò rẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i tí òkúta inú wọn ń fọ́ jáde bí eérú. Bó bá jẹ́ ihò líle, ẹ fi igi ìtayín tọ̀ ọ́. Ẹ má lo abẹ́rẹ́, ó ń fẹ ihò, ihò tó bá sì ti fẹ̀ ló máa ń ta omi sí ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni ẹ fi máa nu ojú rẹ̀. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ṣí omi kó tú láti inú páìpù lásán fún ìṣẹ́jú kan, kó kó àfọ́kù inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, àfọ́kù yẹn ló máa wá dí ihò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ẹnu ẹ̀rọ béésìnì ní asẹ́ kékeré kan nínú, èyí tó ṣeé yí pẹ̀lú ọwọ́ tàbí sípánà. Ẹ fi aṣọ dí ojú ihò béésìnì kí ẹ tó tú u, nítorí ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn láti yọ́ wọ inú páìpù. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde, tàbí kí ọmọ yín yà wọ́n ní fọ́tò. Nínú asẹ́ yìí, yàtọ̀ sí èépá, ẹ ó bá iyanrìn láti inú bọ́ọ̀hóòlù. Iyanrìn ò gbọ́ ti fínígà, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ló máa gbọ̀n ọ́n dànù. Bí iyanrìn yẹn bá pọ̀ lóṣooṣù, ẹ pe ẹni tó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù yín padà, ọ̀rọ̀ ti kọjá balùwẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ, níbi tí èépá ti yí po bí ìlẹ̀kẹ̀, kò ṣeé rì sínú nǹkan. Ẹ fi fínígà rẹ tíṣù, ẹ wé e mọ́ ọn, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó kó má tètè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ bákìn sódà dé. Ẹ má bínú sí ọmọ yín, gbogbo ayé ló ń wí i. Nígbà tí fínígà bá pàdé bákìn sódà, ó máa ń hó gùùgùù débi pé èèyàn á rò pé iṣẹ́ ń lọ. Ìjà àwọn méjèèjì ni ẹ ń wò, kì í ṣe ìjà wọn pẹ̀lú èépá. Fínígà máa ń kan, bákìn sódà kì í kan. Tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á pa agbára ara wọn, omi oníyọ̀ lásán ni yóò sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín. Ẹ lo fínígà tán ná, ẹ ṣàn án, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi omi díẹ̀ po bákìn sódà bí ọṣẹ ìfọyín, kí ẹ fi nu ohun tó kù. Ó ń pa òórùn fínígà, ó ń dán irin láìha á, ó sì ń kó ọ̀rá ọṣẹ kúrò. Àyè tirẹ̀ nìyẹn.

Omi bátìrì ńkọ́? Yàtọ̀ sí pé ó ń jó awọ, ó sì ń fọ́ ojú, kò tilẹ̀ dára fún iṣẹ́ náà. Ásíìdì inú rẹ̀, tó bá pàdé èépá, máa ń sọ ojú rẹ̀ di irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àjà funfun nínú ilé, tí wọ́n ń pè ní POP, èyí tí kì í yòrò bọ̀rọ̀. Ìyẹn á wá bo èépá tó kù mọ́lẹ̀ bí ìbòrí. Èrè rẹ̀ ni pé irin á dúdú, èépá á wà níbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀rọ mẹ́rin nínú ilé kan ṣoṣo nítorí rẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé èmi náà ò ṣe àṣìṣe rí: ọdún kẹta tí mo gba òmìnira, mo ń yọ èépá nílé bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fi tíṣù tí mo rẹ sínú sítíríkì wé ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, mo sì lọ jẹun. Ó ń kán sílẹ̀ tọ́tọ́tọ́, ilẹ̀ náà sì jẹ́ tẹràsó àtijọ́ tó ń dán bí ẹyinjú. Nígbà tí mo dé, ojú ibi tó ti ń kán ti ṣá roboto-roboto bíi èéfín lára dígí, ó sì ti ní kòtò díẹ̀ tí ìka lè mọ̀. Àfọ́kù mábù ni wọ́n fi ń ṣe tẹràsó, mábù sì jẹ́ òkúta kan náà pẹ̀lú èépá. Ásíìdì ò mọ òkúta tí a fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a ò fẹ́. Bàbá náà ò pariwo, ó kàn wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní “Ọmọ mi, ilẹ̀ yìí jù ẹ́ lọ.” Èmi ni mo san owó ẹni tó wá fi ẹ̀rọ dán an padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ní tẹràsó, mábù tàbí òkúta dídán èyíkéyìí nítòsí, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Táìlì lásán ò ní wàhálà, àmọ́ ásíìdì máa ń jẹ sìmẹ́ǹtì àárín táìlì. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má bàa fa fínígà mu.

Èyí tó kàn yìí, ẹ pe gbogbo ará ilé kí wọ́n gbọ́, àti ọmọ ọ̀dọ̀. Hypo, Jik tàbí bíléèṣì yòówù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ bá fínígà, ọsàn tàbí sítíríkì pàdé. Tí wọ́n bá pàdé, afẹ́fẹ́ klọ́ríìnì ló ń jáde, irú èyí tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun lójú ogun ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní 1915. Balùwẹ̀ wa kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ju ìwé àjákọ lọ, afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà jáde. Ibi tó ti sábà ń ṣẹlẹ̀ ni WC: ẹnì kan á da Hypo sínú rẹ̀ láàárọ̀, ẹlòmíràn á da fínígà lé e lọ́sàn-án láìmọ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn tó ń ta imú tó sì ń mú ojú ṣomi, ẹ má dúró wẹ ohunkóhun. Ẹ jáde, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ má padà wọlé títí òórùn náà yóò fi lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń há, ilé ìwòsàn ni.

WC fúnra rẹ̀ ò ṣòro bí ẹ bá ti dá ọ̀rọ̀ Hypo dúró fún ọjọ́ kan, tí ẹ sì ti fọ ọ́ dànù dáadáa. Ẹ fi ife bu omi inú rẹ̀ jáde títí ìlà èépá yóò fi hàn síta, torí tí ẹ bá da fínígà sínú omi, omi á sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ da fínígà lọ́wọ́ọ́wọ́ lítà kan sí i ní alẹ́, kí ẹ fi tíṣù tó rẹ bo ibi tó ga ju ojú omi lọ. Láàárọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á gbé e.

Tí àwọ̀ rẹ̀ bá pọ́n tàbí tó dà bí irin tó dógùn-ún, ìyẹn kì í ṣe òkúta ẹfun nìkan. Irin ló wà nínú omi yín. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nígbà tí omi bá mọ́ bó ṣe ń tú, àmọ́ tí ó bá sùn nínú báàkẹ́ẹ̀tì mọ́jú, á pọ́n díẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí sítíríkì ló bá ìyẹn jà dáadáa, ó dára ju fínígà lọ níbẹ̀. Ẹ má fi bíléèṣì kàn án rárá, ńṣe ló máa mú kí àbàwọ́n náà rọ̀ mọ́ ibẹ̀ típẹ́típẹ́.

Ní ti kó má padà wá, mi ò ní parọ́ fún yín: ó máa padà wá, torí orí òkúta ni bọ́ọ̀hóòlù yín wà. Àbúrò mi tó wà ní London ń bá a jà lójoojúmọ́ nínú kẹ́tùlù rẹ̀, torí omi ọ̀dọ̀ wọn náà ti inú òkúta ẹfun jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Glasgow ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, omi adágún orí òkè ni tiwọn. Àmọ́ ẹ lè dín in kù. Ẹ̀kán tó gbẹ ló ń di òkúta, nítorí náà ẹ fi aṣọ gbígbẹ kan kọ́ sí balùwẹ̀, kí ẹni tó bá wẹ̀ tán nu ẹnu ẹ̀rọ àti dígí kó tó jáde. Ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ tún máa fi fínígà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bọ ṣáwà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò ní ráyè dì gbagidi mọ́. Álọ́ọ̀mù ò lè ṣe é, ìdọ̀tí ló ń mú rọlẹ̀, kì í mú ohun tó ti yòrò. Ẹ̀rọ amómirọ̀ tó ń lo iyọ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ra á nítorí ṣáwà kan. Bó bá jẹ́ pé híítà omi yín ń jóná lọ́dọọdún ni, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Omi gbígbóná ló ń yára di èépá, èépá sì ń bo irin híítà débi pé ooru ò ní lè jáde lára rẹ̀ mọ́. Ẹ má fúnra yín tú híítà o, iná wà nídìí rẹ̀.

Ohun kan kù tí mi ò fẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nígbà míì, lẹ́yìn tí èépá bá ti kúrò tán, ẹ̀rọ tí kò jò tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó-tó lóru. Fínígà kọ́ ló bà á jẹ́. Wáṣà inú rẹ̀ ti gbó tipẹ́, èépá ló ń bá a dí ojú ihò. Ẹ ti omi láti ìta, ẹ tú orí ẹ̀rọ náà, ẹ mú wáṣà tó ti gbó dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fún yín ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì ra méjì, torí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀.